Ta Ni A Ń Kọ̀wé Sí? Ọ̀rọ̀ nípa Louis Hunkanrin ti Àjàṣẹ́

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1964, ọkùnrin arúgbó kan pa ipò dà ní ìlú Àjàṣẹ́. Louis Hunkanrin ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ṣe olùkọ́ rí. Ó ti ṣe ọmọ ogun rí. Ó tẹ ìwé ìròyìn jáde ní ìlú Párìsì. Ó ṣẹ̀wọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìjọba àwọn amúnisìn sì lé e kúrò ní ilẹ̀ baba rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó kú, orílẹ̀-èdè Dàhòmì, tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, kò tí ì lo ọdún mẹ́rin nínú òmìnira.

Àwọn ọmọ tí ń lọ sí ilé ìwé Faransé lè ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bèèrè rẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà kan ní agbègbè Kétu, nínú ènìyàn mọ́kàndínlógún tí ó jókòó, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ti gbọ́ orúkọ náà rí, òun náà sì rò pé orúkọ òpópónà ni. Kò yà mí lẹ́nu. Èdè Faransé ni Hunkanrin fi kọ àwọn ìwé tí ó sọ ọ́ di olókìkí, èdè Faransé náà ni a sì fi kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a kọ nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ní èdè wa lónìí. Kì í ṣe nítorí ọjọ́ ìrántí kankan. Lẹ́tà kan ni ó mú mi rántí rẹ̀. Ọmọ kíláàsì wa kan ni ó kọ lẹ́tà náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń bọ̀ níwájú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọkùnrin náà.

A bí Hunkanrin ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1886, nígbà tí Ọba Toffa wà lórí oyè. Àwọn Faransé ti wọ ìlú náà nígbà yẹn, wọ́n sì ti bá ọba dá májẹ̀mú. Ọmọdé ni Hunkanrin nígbà tí wọ́n bá Béhanzin, ọba Dàhòmì, jagun, tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù Martinique ní ọdún 1894. Inú ayé tí ń yí padà báyìí ni ó ti kàwé. Orí rẹ̀ pé. Wọ́n rán an lọ sí Saint-Louis ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, níbi tí ìjọba ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọdún 1907, ó padà sílé, ó sì di olùkọ́ ní ìlú Wídà.

Kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbọ́ ara wọn yé, nígbà tí ó sì di ọdún 1910, wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Kí a sọ òtítọ́, Hunkanrin kì í ṣe ẹni tí ó rọrùn láti bá gbé. Bí ó bá rí ohun tí kò tọ́, kò lè mú un mọ́ra. Ìwà yìí ni ó kó o sí wàhálà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Òun náà ni ó mú kí a máa rántí rẹ̀.

Kí ni ó rí nígbà náà tí kò tọ́? Ìjọba Faransé ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní indigénat. Lábẹ́ òfin yìí, ọ̀gá ìjọba tí ó jẹ́ òyìnbó lè sọ ọmọ ilẹ̀ sẹ́wọ̀n, tàbí kí ó bu owó ìtanràn fún un, láì gbé e dé ọ̀dọ̀ adájọ́ rárá. Ẹnì kan náà ni ó fi ẹ̀sùn kàn án, òun ni ẹlẹ́rìí, òun ni ó sì dá ẹjọ́. Owó orí wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀nà yíyẹ̀ àti ẹrù rírù wà níbẹ̀, tí a ń fi ipá mú ènìyàn ṣe. Ó di ọdún 1946 kí a tó pa òfin náà àti iṣẹ́ ipá rẹ́. Ẹni tí a bá rẹ́ jẹ ní àkókò Hunkanrin, ta ni yóò ké sí? Ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ náà ni ó jókòó sí ọ́fíìsì.

Hunkanrin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ọ̀nà kan. Bí ọ̀gá tí ó wà nílé kò bá fẹ́ gbọ́, ó ní ọ̀gá ní Párìsì. Àwọn ènìyàn kan sì wà ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n kórìíra ìrẹ́jẹ, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbèjà ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Hunkanrin dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Dàhòmì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ẹni tí wọ́n dojú kọ jù lọ ni Gómìnà Noufflard, tí ó dé orí àléfà ní ọdún 1912. Ní ọdún 1917, Noufflard kúrò lórí ipò náà. Ẹ fojú inú wò ó: olùkọ́ tí a ti yọ níṣẹ́, tí kò ní ìbọn, tí kò ní owó, ó dojú kọ gómìnà pẹ̀lú tádàwà àti bébà.

Ní ọdún 1915, ìwé ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìkọ̀kọ̀. Paul Hazoumé àti Emile Zinsou Bodé ni wọ́n dá a sílẹ̀, Hunkanrin sì wà pẹ̀lú wọn. Hazoumé yìí náà ni ó padà wá di òǹkọ̀wé ńlá tí ó kọ ìwé Doguicimi. Orúkọ tí wọ́n fún ìwé ìròyìn náà ni Ìránṣẹ́ Béhanzin, bí a bá fi èdè wa pè é. Bí ọba Dàhòmì bá fẹ́ rán ọ̀rọ̀ sí ẹnì kan, ọ̀pá àṣẹ kékeré kan ni ó máa ń fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá rí ọ̀pá náà mọ̀ pé ẹnu ọba gan-an ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Béhanzin ti kú sí òkèèrè ní ọdún 1906. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ̀nyí ń sọ fún àwọn òyìnbó pé ọ̀pá náà ṣì ń rìn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìwé ìròyìn yìí. A kò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé kíkọ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, tí ọwọ́ yín sì ti le koko nítorí ọkọ́ àti àdá, ẹ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn fi ọwọ́ kọ ojú ewé kan tán, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ní kíláàsì wa, ojú máa ń ti àwọn kan láti fi ìwé wọn han ẹlòmíràn. Wọ́n ní lẹ́tà àwọn wọ́, wọ́n ní ìlà àwọn kò tọ́. Ìwé tí ó ba gómìnà lẹ́rù ní ọdún 1915, ìwé àfọwọ́kọ ni.

Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ti bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914. Àwọn Faransé ń wá ọkùnrin kiri ní ilẹ̀ wa láti lọ jagun fún wọn. Ní agbègbè Kétu àti Ṣakẹtẹ, ọ̀pọ̀ sá sínú igbó, ọ̀pọ̀ sì kọjá ààlà bọ́ sí ilẹ̀ Nàìjíríà kí wọ́n má baà mú wọn. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí tilẹ̀ dìde sí ìjọba ní àwọn ọdún yẹn. Hunkanrin náà ń fara pa mọ́, nítorí ìjọba ń wá a. Ní ọdún 1918, Blaise Diagne dé. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl ni. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí a dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Párìsì, ní ọdún 1914. Ìjọba Faransé rán an wá kó ọmọ ogun jọ, ó sì kó ọkùnrin tí ó ju 60,000 lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìlérí tí ó ń ṣe ni pé ẹni tí ó bá ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀ Faransé yóò rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà lẹ́yìn ogun. Hunkanrin gbà á gbọ́. Ó jáde níbi tí ó sá pa mọ́ sí, ó sì wọ iṣẹ́ ológun.

Ẹnì kan bèèrè lọ́wọ́ mi ní kíláàsì pé, ṣé kò ya ojú tì í láti gbé ìbọn fún àwọn tí ó ń ni wọ́n lára? Ìbéèrè náà dára. Èrò tèmi ni pé Hunkanrin ń ṣe bí oníṣòwò tí ó fi ẹrù sílẹ̀ láwìn fún oníbàárà tí kò tí ì jẹ ẹ́ ní gbèsè rí. Ó san ohun tí wọ́n ní kí ó san. Ó wá fẹ́ gba ohun tí wọ́n ṣèlérí. Nígbà tí kò rí i gbà, òun àti Diagne di ọ̀tá ara wọn. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé kò sin ilẹ̀ Faransé. Ó sìn ín, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó sì ní ẹnu láti fi bèèrè ẹ̀tọ́.

Ní ọdún 1920, ní Párìsì, òun àti agbẹjọ́rò kan láti Guadeloupe, Max Clainville-Bloncourt, tẹ ìwé ìròyìn kan jáde. Ìránṣẹ́ Dàhòmì ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ náà tún padà wá. Ní àkókò yìí, ẹ̀rọ ni a fi tẹ̀ ẹ́, ní àárín ìlú àwọn tí ń ṣàkóso, lábẹ́ òfin tiwọn tí ó gba kí ènìyàn tẹ ìwé ìròyìn. Ohun tí a kò gbọdọ̀ sọ ní Àjàṣẹ́, ó sọ ọ́ ní Párìsì. Ìwé náà sọ nípa ìwà àwọn ọ̀gá ìjọba ní ilẹ̀ wa, ó sì ń bèèrè pé kí òfin tí ó wà fún ọmọ Faransé wà fún ọmọ Dàhòmì pẹ̀lú.

Kété tí ó padà dé ilé ni wọ́n tì í mọ́lé. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà nígbà tí wàhálà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 1923. Ìjọba ti fi owó kún owó orí. Àwọn ará ìlú kọ̀ láti san án. Ọjà dá páropáro. Àwọn òṣìṣẹ́ ní Kútọnù dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn ọmọ ilé ọba wà níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ìlú náà, tí ọ̀rọ̀ ipò ìmáàmù ti pín sí méjì láti ìgbà pípẹ́, apá kan nínú wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba kó ṣọ́jà wọ ìlú. Nígbà tí ó rọlẹ̀, wọ́n ní Hunkanrin ni ó wà nídìí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ògiri túbú ni ó wà. Wọ́n lé e lọ sí Mọritáníà fún ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú àwọn mìíràn. Àwọn kan nínú wọn kò padà wálé mọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ sí ni Mọritáníà yìí. Aṣálẹ̀ ni ilẹ̀ náà: iyanrìn, oòrùn, omi tí a ń wá kiri. Ọkùnrin tí ó dàgbà létí ọ̀sà Àjàṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ sí àárín iyanrìn, níbi tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀. Ó ní ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀ tí ó tó láti fi kún ìwé. Bí ó bá fi gbogbo ọdún mẹ́wàá náà kọ lẹ́tà nípa ara rẹ̀ nìkan, ta ni yóò bá a wí?

Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni ẹrú. Ó rí àwọn ènìyàn tí a ń tà, tí a ń jogún bí ẹran ọ̀sìn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láì gba owó, tí ọmọ inú wọn jẹ́ ti ẹlòmíràn kí a tó bí i. Ilẹ̀ Faransé ti fòpin sí òwò ẹrú àti oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ rẹ̀ láti ọdún 1848. Àwọn ọ̀gá ìjọba Faransé tí ó wà ní Mọritáníà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n di ojú, nítorí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ àwọn olówó ẹrú láti ṣàkóso ilẹ̀ náà. Hunkanrin mú kálámù rẹ̀. Ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1931, nígbà tí ó ṣì wà lábẹ́ ìjìyà, ìwé kékeré rẹ̀ lórí oko ẹrú ní Mọritáníà jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ó pè é ní ìwà ọ̀daràn àwọn amúnisìn.

Àwọn ẹrú wọ̀nyẹn kì í ṣe ará ìlú rẹ̀. Wọn kò lè san owó fún un. Wọn kò lè ka ohun tí ó kọ nípa wọn. Ìjọba Mọritáníà fúnra rẹ̀ kò fòfin de oko ẹrú títí di ọdún 1981, ọdún 2007 ni ó sì tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ fi ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ẹ fi 1931 wé 2007.

Ní ilẹ̀ wa, bí a bá ní ẹnì kan jẹ́ olóore ìlú, ọkàn wa máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ra páànù fún ilé ìwé, tí ó gbé sìmẹ́ǹtì wá, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri gàdàgbà, nígbà mìíràn tí lẹ́tà orúkọ náà tóbi ju ilé ìwé lọ. N kò kẹ́gàn wọn. A ń lo páànù náà. Ṣùgbọ́n ohun tí Hunkanrin fún àwọn ènìyàn kò ṣeé kọ sára ògiri. Ìmọ̀ ìwé tí wọ́n fún un láti fi ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó fi í ṣe ohùn fún ẹni tí kò ní ohùn.

Ọ̀rọ̀ ìyókù ayé rẹ̀ kò gùn. Ó padà dé ní ọdún 1933. Ní àkókò yẹn, àwọn ìwé ìròyìn ti pọ̀ ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnù. Èyí tí ó lókìkí jù lọ, Ohùn Dàhòmì, ti wà láti ọdún 1927. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ilẹ̀ Faransé pín sí méjì, àwọn tí ó tẹrí ba fún Jámánì ni ó sì ń ṣàkóso ní ilẹ̀ wa. Hunkanrin fara mọ́ àwọn tí ó kọ̀ láti tẹrí ba. Wọ́n tún mú un, wọ́n tún lé e, lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Màlì lónìí. Àwọn tí ó gbè ja borí, síbẹ̀ ọdún 1947 ni ó tó padà wálé. Ó ti ju ọmọ ọgọ́ta ọdún lọ.

N kò fẹ́ kí a sọ ọ́ di òrìṣà. Títí ọjọ́ fi lọ, ó gbàgbọ́ pé bí àwọn ará Párìsì bá kàn mọ òtítọ́, wọn yóò tún ohun gbogbo ṣe. Ìtàn fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ òtítọ́, wọ́n sì ń jẹun lọ. Ohun kejì ni ti èdè. Àwọn obìnrin tí ó kó ẹrù wọn nílẹ̀ lọ́jà Àjàṣẹ́ ní 1923, àwọn tí owó orí náà wọ̀ lọ́rùn, kò sí èyí tí ó lè ka ìwé ìròyìn tí ó ń gbèjà wọn, àfi bí ọmọ ilé ìwé kan bá túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n n kò lè bá Hunkanrin wí fún èyí. Ó kọ ní Faransé nítorí ẹni tí ó ń kọ̀wé sí kò gbọ́ èdè mìíràn. Òyìnbó ni gómìnà, òyìnbó ni mínísítà, Párìsì ni ìdájọ́ ti ń wá.

Àwa ń kọ́? Ta ni àwa ń kọ̀wé sí?

Èyí ni ó mú mi dé orí lẹ́tà tí mo sọ. Àgbẹ̀ kan tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún parí ẹ̀kọ́ ní kíláàsì wa. Ẹ̀rọ omi tí ó wà ní abúlé rẹ̀ bàjẹ́. Àwọn obìnrin padà sí odò. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn, ní èdè Yorùbá. Mo ti ka lẹ́tà náà. Ó kọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ó kọ iye ilé tí ń mu omi níbẹ̀. Ó kọ pé ẹnì kan wá wò ó, ó ní irin kan ni ó gé nínú rẹ̀, ó lọ, kò sì padà mọ́. Ó kọ iye tí àwọn ará abúlé ti dá jọ. Ó bèèrè ohun kan péré: kí a sọ fún wọn ọjọ́ tí alátùn-únṣe yóò dé. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò lè kọ ọ́ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbé e lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ní ọ́fíìsì, ọmọ Yorùbá bí tiwa, gba lẹ́tà náà, ó kà á sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì kọsẹ̀. Ó yìn ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ọwọ́ yín dára." Lẹ́yìn náà ni ó dá lẹ́tà náà padà fún un pé kí ó lọ wá ẹni tí yóò bá a kọ ọ́ ní Faransé.

Bàbá náà san 2,000 fráǹkì fún ẹnì kan tí ń bá ènìyàn kọ̀wé. Mo rí lẹ́tà Faransé náà pẹ̀lú. Ìlà mẹ́rin ni. Ìlà mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ìkíni àti ẹ̀bẹ̀. Ìlà kan sọ pé ẹ̀rọ omi bàjẹ́. Kò sí ọjọ́ nínú rẹ̀, kò sí iye ilé, kò sí owó tí wọ́n dá jọ, kò sí ẹni tí ó wá tí kò padà. Èyí ni wọ́n gbà.

N kò bínú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà gbọ́ Yorùbá. Ẹni tí ó gbà á gbọ́ Yorùbá. Ọ̀gá tí yóò fọwọ́ sí i, Yorùbá ni ó fi tọrọ ìbò ní abúlé kan náà. Kò sí òyìnbó kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. A wá ná owó kí òtítọ́ lè pòórá nínú lẹ́tà.

Òfin kò sọ pé kí ó rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ pé Faransé ni èdè ìjọba. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin kan náà, ní abala rẹ̀ kọkànlá, sọ pé gbogbo àwùjọ tí ó wà ní ilẹ̀ yìí ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ, àti pé ó di dandan fún ìjọba láti mú kí àwọn èdè orílẹ̀-èdè yìí gbèrú. Ní kíkọ, ni ó wí. Kí ni ìwúlò òmìnira láti kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà lọ́wọ́ ẹni?

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá yóò sọ, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní fáìlì gbọ́dọ̀ lọ sí Kútọnù, àti pé ẹni tí yóò kà á níbẹ̀ lè má gbọ́ Yorùbá. Ó tọ̀nà. Wọ́n ní bí a bá gba Yorùbá, a ó gba Fọ̀n, a ó gba Bàríbá, a ó gba Dẹ́ndì. Ó tọ̀nà, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bèèrè kò tó bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ tí ó lè ka lẹ́tà náà sókè gba lẹ́tà náà. Kí ó lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ ọn, kí ó fi ẹ̀dà kan fún ẹni tí ó mú un wá. Bí ó bá nílò Faransé, kí òun, tí ìjọba ń san owó fún, kọ Faransé náà, kí ó sì so ó mọ́ lẹ́tà gan-an. Ẹni tí ó kàwé ni kí ó ru ẹrù ìtumọ̀, kí ó má jẹ́ àgbẹ̀ tí ó ń wá omi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ẹ̀rọ omi. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013 ti dé, ìwé ni ń sọ ẹni tí ó ni oko. Ẹ̀yin pẹ̀lú ti rí ẹni tí ó tẹ̀ka sí ohun tí kò yé e, tí ó sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé òun ti ta ilẹ̀ baba òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín náà. Nínú àwọn tí ó parí kíláàsì wa, ọ̀pọ̀ ni ó gbé ìwé wọn sórí àjà lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni aládùúgbò wọn ń san owó fún akọ̀wé tí ń kọ ìlà mẹ́rin. Ní abúlé tí mo ń sọ yìí, wọ́n ti yan ènìyàn mẹ́ta láti inú kíláàsì, ọkùnrin kan àti obìnrin méjì. Ní ọjọ́ ọjà, wọ́n máa ń jókòó lábẹ́ igi kan láti bá ẹnikẹ́ni tí ó bá nílò rẹ̀ kọ̀wé. Wọn kì í gba owó. Wọ́n máa ń kà á padà sí etígbọ̀ọ́ onílé ọ̀rọ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i, wọ́n sì máa ń tọ́jú ẹ̀dà kan sínú ìwé ńlá kan. Mo ti yẹ ìwé ńlá náà wò. Lẹ́tà nípa ẹran tí ó jẹ oko wà nínú rẹ̀, lẹ́tà ìyá kan sí ọmọ rẹ̀ ní Líbreville wà nínú rẹ̀, àdéhùn lórí owó àjọ wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà wọn a máa ní àṣìṣe àmì ohùn. N kò tíì rí èyí tí kò yé mi.

Wọ́n ti kọ lẹ́tà ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí ẹ̀rọ omi náà, ní Yorùbá. Gbogbo ohun tí ó wà nínú ti àkọ́kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi iye oṣù tí ó ti kọjá láì sí èsì kún un. Ènìyàn mẹ́rìnlélógójì ni ó fọwọ́ sí i, mọ́kànlélógún nínú wọn sì fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn. Wọn kò so Faransé kankan mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, wọn yóò gbé e lọ, wọn yóò sì dúró níbẹ̀ títí a ó fi lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà wọn. Bí a bá gbà á, a ó tẹ ìdáhùn náà sí ojú ewé yìí. Bí a kò bá gbà á, a ó tẹ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀.